Kẹ̀kẹ́ Tí Kì Í Parọ́

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń kí kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ kí ó tó kí ìyàwó rẹ̀, ẹ má tíì sọ pé ó ya wèrè. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ọ̀gá ni níbi iṣẹ́ ìjọba. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọ̀gá ni lóòótọ́, orí rẹ̀ sì pé, ìyẹn tí a bá gba ẹ̀rí àwọn tó ń gba owó oṣù lábẹ́ rẹ̀. Òun ni olórí ẹ̀ka tó ń rí sí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti bọ́ lára rẹ̀ tipẹ́. Ọ̀gá Òṣùwọ̀n ni gbogbo èèyàn ń pè é, òun náà ló sì kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin bọ́ọ̀sì ò ṣòroó yé. Ọmọ tí ilé rẹ̀ bá jìnnà sí ilé ìwé tó kìlómítà mẹ́ta, bọ́ọ̀sì á wá gbé e. Ọmọ tí ilé rẹ̀ ò bá tó bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ti fún un ní ẹsẹ̀ méjì. Ọ̀gá Òṣùwọ̀n kọ́ ló ṣe òfin náà, ó bá a nílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni tó rọbí rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ kékeré ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ó ní irin gígùn tí èèyàn ń dì mú bó ṣe ń tì í lọ níwájú, àpótí kékeré kan sì wà lára rẹ̀ tí nọ́ńbà ń yí nínú rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá yí lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà á fi ẹyọ kan gòkè, ìyẹn mítà kan. Kò sí ọgbọ́n mìíràn níbẹ̀. Àmọ́ nínú ọ́fíìsì Ọ̀gá Òṣùwọ̀n, kẹ̀kẹ́ yìí ní àga tirẹ̀, àga onítìmùtìmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Àlejò tó bá wọlé, orí ìdúró ló ń wà. Láràárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá ń tò, wọ́n á kí Ọ̀gá, wọ́n á sì yíjú kí kẹ̀kẹ́. Agbálẹ̀ kan gbàgbé láti kí kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ Ajé kan, wọ́n sì kọ lẹ́tà sí i pé kí ó wá sọ ohun tí kẹ̀kẹ́ fi ṣe é.

Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, akọ̀wé ni ẹnu rẹ̀ dùn jù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dúró ṣánṣán, ìwé kékeré kan ò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ ló ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá bá sọ sí. Bí Ọ̀gá bá sín, á kọ ọ́. Bí Ọ̀gá bá sọ̀rọ̀, á kọ ọ́ tán, á ní, "Òótọ́ lẹ sọ, sà." Òun ló dá a lábàá, nígbà tí kẹ̀kẹ́ pé ọdún kan nínú ọ́fíìsì, pé kò yẹ kí ọjọ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kọjá lọ lásán. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe ọjọ́ ìbí fún kẹ̀kẹ́.

Ọ̀gá wọ kóòtù. Ó dìde dúró, ó fi ọwọ́ kan lé irin kẹ̀kẹ́, ó fi èkejì lé àyà ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ni ó wí, "ọ̀pọ̀ ló lójú tí kò ríran, ọ̀pọ̀ ló lẹ́nu tí kò sọ òtítọ́. Kẹ̀kẹ́ yìí ò lójú, kò lẹ́nu, síbẹ̀ òtítọ́ ló ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Kẹ̀kẹ́ kì í parọ́. Ẹni tó bá wá ń darí ohun tí kì í parọ́, kí lẹ rò pé òun náà jẹ́?"

Wọ́n ronú díẹ̀. Akọ̀wé ló tètè rí ìdáhùn, ó ní òtítọ́ fúnra rẹ̀ ni Ọ̀gá jẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń dùn wọ́n, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé gbé ẹ̀bùn jáde: rọ́bà pupa kan tó nípọn, tó ń dán, tó ní kí wọ́n gé ní ìwọ̀n ara kẹ̀kẹ́. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ yí kẹ̀kẹ́ ká lórí rọ́bà àtijọ́. Wọ́n ní aṣọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n dá yín dúró níbí. Ẹ mú okùn, ẹ yí i mọ́ apá yín, ẹ so ó. Ẹ tú u, ẹ wọ ẹ̀wù òtútù, kí ẹ tún un yí. Okùn ò ní pàdé mọ́. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ tó bá sanra, ilẹ̀ tó ń jẹ ní yíyí kan á pọ̀ sí i, nọ́ńbà tó wà nínú àpótí ò sì mọ̀ pé ó ti sanra, mítà kan náà ni yóò máa kà á sí. Nínú gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó ronú kàn án. Wọ́n ń ronú nípa ìgbéga.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ọ̀gá pàṣẹ pé kí wọ́n tún gbogbo ọ̀nà wọ̀n, kí aráyé lè rí aṣọ tuntun. Akọ̀wé ń ti kẹ̀kẹ́ lọ nínú oòrùn, Ọ̀gá ń tẹ̀lé e nínú mọ́tò ìjọba pẹ̀lú fèrèsé pípadé. Ibi gbogbo tí wọ́n dé ni nọ́ńbà ti kéré sí ti àtijọ́. Ẹlòmíràn á ti fura. Ọ̀gá Òṣùwọ̀n ò fura, inú rẹ̀ ló dùn. Ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí òun tó gorí àga, àwọn abúlé jìnnà, wọ́n sì fẹ́ràn jíjìnnà, ṣùgbọ́n lábẹ́ àkóso òun, wọ́n ti ń súnmọ́ ilé ìwé fúnra wọn. Ó ní ìdàgbàsókè nìyẹn. Ọmọ méjìlélọ́gọ́ta ni orúkọ wọn kúrò nínú ìwé bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì méjì sì wọ inú ọgbà ọ́fíìsì, wọ́n páàkì wọn, ewéko hù yí táyà wọn ká.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni ọmọ káfíńtà kan tó ń gbé ní abúlé tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń wa iyanrìn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Kíákíá ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí pé kì í rìn, eré ló ń sá, ìbáà ṣe láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà. Ṣáájú ọjọ́ ìbí kẹ̀kẹ́, ilé wọn jìnnà sí ilé ìwé ní kìlómítà mẹ́ta àti òjìlérúgba mítà. Lẹ́yìn ọjọ́ ìbí kẹ̀kẹ́, ó ku mítà márùndínlọ́gọ́ta kí ó pé kìlómítà mẹ́ta. Ilé ò kúrò lójú kan. Ilé ìwé ò kúrò lójú kan. Bọ́ọ̀sì nìkan ló kúrò.

Ẹ lè máa sọ pé kí ni ìrìn wákàtí kan jẹ́ fún ọmọ tó ń jẹ́ Kíákíá. Ọ̀nà yẹn ni àwọn ọkọ̀ akóyanrìn ń gbà, iná iwájú wọn ò sì dára, ìyá rẹ̀ ò gbà kí ó jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́ kedere kí wọ́n tó jáde, aago ilé ìwé á ti lù. Bàbá rẹ̀ ń sìn ín lọ lójoojúmọ́, á gbé àpò ìwé rẹ̀ kọ́ èjìká, wọ́n á sáré, wọ́n á sì pẹ́. Ilé ìwé náà ní òfin tirẹ̀. Ọmọ tó bá pẹ́ dé nígbà ogójì láàárín ọdún kan, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, wọ́n á fi ìjókòó rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àánú ọmọ náà ń ṣe tíṣà tó ń kọ orúkọ àwọn apẹ́dé, ó máa ń mí kanlẹ̀ kí ó tó kọ ọ́. Àmọ́ ó ń kọ ọ́. Ó ti kọ ọ́ nígbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ẹ̀rù tó ń ba ìyá rẹ̀ kọjá ti ìyá lásán. Aránṣọ ni, kò mọ̀wé, ọmọ yìí ló sì ń bá a ka ìwọ̀n àwọn oníbàárà nínú ìwé: àyà báyìí, ìdí báyìí, gígùn apá báyìí. Ọmọ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan tí òun ò lè kà ni wọ́n fẹ́ lé wálé fún un. Kò sọ ọ́ síta púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìgbà tí ó kù lórí ìka ọwọ́ rẹ̀.

Káfíńtà kọ lẹ́tà pé kí wọ́n wá tún ọ̀nà òun wọ̀n. Ọ̀gá ò lè wá nítorí eruku, akọ̀wé ni ó rán. Akọ̀wé ti kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ètè rẹ̀ ti gbẹ, nọ́ńbà tó mú wá ò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Káfíńtà fún un ní omi àti àpótí tó jókòó lé. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti tábìlì iṣẹ́, ó sì ń mu omi.

Káfíńtà ò lè rí ohun tó rí róbótó kí ó má wọ̀n ọ́n, bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn. Ó wo rọ́bà pupa yẹn, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fàlà sí ojú kan lára rẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ lé orí pákó gígùn kan, ó yí i títí tí ìlà ṣọ́ọ̀kì fi tún kan pákó. Ó wá fa téèpù rẹ̀ yọ. Mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ó tún un ṣe nígbà mẹ́ta, mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni. Ó pe akọ̀wé kí ó wá wò ó.

Akọ̀wé wò ó, ó gbé omi sílẹ̀. Òun ló lọ gé rọ́bà. Ó bẹ káfíńtà pé kí ó jọ̀ọ́ kí ó má pariwo, ó ní bí Ọ̀gá bá gbọ́ pé ẹ̀bùn òun ló sọ kẹ̀kẹ́ di onírọ́, iṣẹ́ òun bọ́ nìyẹn, òun sì ní ọmọ mẹ́ta. Káfíńtà bi í pé àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, kí ló ń gbé wọn lọ sílé ìwé. Akọ̀wé ní ẹ̀yìn ilé ìwé gan-an ni ilé àwọn wà. Lẹ́yìn náà akọ̀wé ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ láìdágbére.

Ní ọjọ́ kejì, káfíńtà wà ní ọ́fíìsì, ó dúró, nítorí kẹ̀kẹ́ ló jókòó. Ó ṣàlàyé ohun tó rí, ó gbé téèpù rẹ̀ sórí tábìlì. Ọ̀gá fi bírò ti téèpù náà síwájú díẹ̀.

"Níbo lo ti rà á?"

"Ní ọjà, sà."

"Ní ọjà." Ọ̀gá wo àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. "Kẹ̀kẹ́ yìí ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Ó ní nọ́ńbà. Ó ní fáìlì. Téèpù tìrẹ, ta ló gbà á síṣẹ́? Ta ni bàbá rẹ̀? Bí kẹ̀kẹ́ ìjọba bá sọ̀rọ̀, tí téèpù ọjà náà sì sọ̀rọ̀, èwo ni kí àgbà bí èmi gbọ́?"

"Mítà ni mítà, sà," ni káfíńtà wí. "Kò mọ ìjọba, kò mọ ọjà."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dun Ọ̀gá jù. Ohun kan wà láyé tí kò mọ ìjọba? Ó dìde, ó pe akọ̀wé pé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀: láti ọjọ́ náà lọ, ní gbogbo àgbègbè tó wà lábẹ́ òun, ohun tí kẹ̀kẹ́ bá pè ní mítà ni mítà, èyí tó kù, àfojúdi ni. Wọ́n tẹ àṣẹ náà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Akọ̀wé tó ti rí ohun tí téèpù sọ ló lẹ̀ ẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Àṣẹ náà ò pẹ́ ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Ọ̀gá fẹ́ kọ́ kọ́tìnì tuntun. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n yí lábẹ́ fèrèsé, ó pè é ní mítà mẹ́ta, aláṣọ sì gé mítà mẹ́ta fún wọn. Nígbà tí wọ́n gbé e kọ́, àyè kan ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, oòrùn àárọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, ó sì bà sí Ọ̀gá lójú tààrà. Ẹ rò pé ó bínú sí kẹ̀kẹ́? Ó ní fèrèsé náà ló ṣàṣejù, àwọn tó kọ́ ilé náà ò ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ojú dídì kan.

Ojú kan tó ṣẹ́kù náà ló fi kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí Kọmíṣọ́nà. Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni. Ó sọ nípa bọ́ọ̀sì méjì tí wọn ò lò mọ́, nípa àwọn abúlé tó ń súnmọ́ ilé ìwé, àti nípa ìrẹ̀lẹ̀ ara rẹ̀, èyí tó gba ojú ìwé mẹ́rin. Kò sí ẹni tó ní kí ó kọ ọ́. Ẹnu àparò ló ń pa àparò.

Èsì dé. Kọmíṣọ́nà ní inú òun dùn gan-an sí kẹ̀kẹ́ tó ń dín ìnáwó kù bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà tí kẹ̀kẹ́ náà kì í parọ́, kí wọ́n fi wọn ọ̀nà ilé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lo mọ́tò ìjọba pẹ̀lú, nítorí òfin ní ẹni tí ilé rẹ̀ bá jìnnà sí ọ́fíìsì tó kìlómítà márùn-ún nìkan ló ní ẹ̀tọ́ sí mọ́tò àti dírẹ́bà. Òun fúnra òun ń bọ̀ wá wò ó, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Òṣùwọ̀n sì ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá ò bẹ̀rù rárá. Ilé rẹ̀ lé ní kìlómítà márùn-ún dáadáa, ó ti wọ̀n ọ́n nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì wà níhòòhò. Ó tilẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn abúlé pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan tó ń ráhùn rán ẹnì kan wá, kí wọ́n wá fojú rí i pé òfin ò mọ olówó, kò mọ tálákà. Akọ̀wé nìkan ni kò jẹun lọ́sẹ̀ náà. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì láti sọ ọ̀rọ̀ rọ́bà, Ọ̀gá sì dá a lẹ́nu dúró lẹ́ẹ̀mejì láti sọ irú kóòtù tí òun fẹ́ wọ̀.

Káfíńtà wà láàárín àwọn tó wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, tíṣà ti mí kanlẹ̀, ó sì ti kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ nígbà kọkàndínlógójì.

Kọmíṣọ́nà jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ọ̀rọ̀ ò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá kí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní ohun tó bá ojú ló bá imú, ó ní bí òun ṣe fi kẹ̀kẹ́ wọn ọmọ tálákà náà ni òun ń fi í wọn ara òun, ó ní kí àwọn òbí fara balẹ̀ wo ohun tí à ń pè ní òdodo. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Gbogbo wọn tẹ̀lé e. Ọ̀gá fi ẹsẹ̀ rìn títí wọ́n fi kọjá ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò, ó wá wọ mọ́tò rẹ̀.

Wọ́n dé ẹnu géètì ilé rẹ̀. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà, ó nu ojú, ó tún un wò.

"Ka nọ́ńbà," ni Ọ̀gá wí láti inú mọ́tò.

"Kìlómítà mẹ́rin, sà. Àti ẹgbẹ̀rin mítà ó lé ogún."

Kọmíṣọ́nà bẹ̀rẹ̀, òun náà kà á. Ó ní kò tó. Ó ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Dírẹ́bà ti bọ́ sílẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ tán, kọ́kọ́rọ́ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ọ̀gá Òṣùwọ̀n jáde nínú mọ́tò, kóòtù rẹ̀ há sí ilẹ̀kùn, ó fà á ya. Ó gbá kẹ̀kẹ́ mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lókè nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mà, ilé mi ju kìlómítà márùn-ún lọ. Kẹ̀kẹ́ yìí ń parọ́."

Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé. "Òótọ́ lẹ sọ, sà," ni ó wí, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ bá káfíńtà láàárín èrò. Ẹ wo bí ojú ayé ṣe ń yí padà: ẹni tó jẹ́ "ìwọ" lánàá di ẹ̀gbọ́n lójijì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ọ̀gá wí, "ẹ jọ̀ọ́, téèpù yín dà? Ẹ wá bá wa wọn kẹ̀kẹ́ yìí kí Kọmíṣọ́nà rí i."

Káfíńtà ò gbé ohùn sókè.

"Téèpù ọjà ni, sà. Kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́." Ó fi ọwọ́ kan àpò rẹ̀. "Ó wà lápò mi, màá mú un jáde. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ ti ń parọ́ àti iye ọmọ tó ti parọ́ mọ́. Ọmọ mi ti pẹ́ dé nígbà mọ́kàndínlógójì. Ọ̀la ló máa pé ogójì, wọ́n á sì ní kó máa bọ̀ nílé. Ẹ sọ ọ́, sà."

Ọ̀gá wo mọ́tò. Mọ́tò náà dúdú, ó ń dán, ó ti ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó máa ṣe. Ó gbé ohun tó wúwo jù lọ láyé rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ọlá rẹ̀, ó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ méjìlélọ́gọ́ta ni, mà, láti ọjọ́ ìbí rẹ̀."

"Ọjọ́ ìbí ta ni?" ni Kọmíṣọ́nà bi í.

"Ti kẹ̀kẹ́."

Kọmíṣọ́nà wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ó ń wá ẹnì kan tí orí rẹ̀ pé. Káfíńtà yọ téèpù. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà, ó yí kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan lórí sìmẹ́ńtì iwájú géètì, ó fa téèpù, ó sì bọ́ sẹ́yìn kí obìnrin náà lè fi ojú ara rẹ̀ kà á. Obìnrin náà béèrè ẹni tó wọṣọ fún kẹ̀kẹ́. Akọ̀wé ní òun ni. Lẹ́yìn náà ló sọ gbólóhùn kan tí kì í ṣe àpọ́nlé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́: ó ní ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí káfíńtà ti wá fi hàn wọ́n, Ọ̀gá sì béèrè pé ta ni bàbá téèpù.

"Ọmọ méjìlélọ́gọ́ta," ni Kọmíṣọ́nà wí. "Nígbà tó parọ́ mọ́ wọn, ẹ ò gbọ́. Ó kan mọ́tò yín, etí yín là."

Ó tẹ́ ìwé sórí iwájú mọ́tò dúdú yẹn, ó kọ lẹ́tà méjì níbẹ̀, ó sì fọwọ́ sí wọn. Èkíní dá bọ́ọ̀sì padà ní ọjọ́ kejì gan-an, ó sì ní kí ilé ìwé nu gbogbo pípẹ́ dé àwọn ọmọ náà kúrò nínú ìwé. Èkejì jẹ́ ti Ọ̀gá.

Wọ́n bó rọ́bà pupa, wọ́n tún ọ̀nà rẹ̀ wọ̀n, nítorí ó kọ̀ láti lọ bí wọn ò bá wọ̀n ọ́n. Ohun tó sọ jóòótọ́: kìlómítà márùn-ún àti ọ̀ọ́dúnrún mítà ni ilé rẹ̀ sí ọ́fíìsì. Ó ní ẹ̀tọ́ sí mọ́tò láìsí àní-àní. Ipò tó ni mọ́tò ni kò ní mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì yẹn kan náà, ibi tí wọ́n ń kó àwọn bẹ́ǹṣì tó ti kán sí, láti máa ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà tún kán sí i. Láràárọ̀ ni ó ń fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Akọ̀wé máa ń rí i lójú fèrèsé, á sì fi ọwọ́ bo ojú bí ẹni tí oòrùn ń bà, nítorí ọ̀gá tuntun ti dé, ó sì ti gbọ́ pé ọ̀gá tuntun fẹ́ràn òdòdó, ó sì ti ń wá èyí tó máa fi ta á lọ́rẹ.

Ṣùgbọ́n ìyá Kíákíá ò gba lẹ́tà gbọ́. Ó ti rí lẹ́tà rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ní kí ọmọ máa lọ kí ó má baà pẹ́, nítorí bí bọ́ọ̀sì ò bá wá, ogójì á pé. Bàbá gbé àpò ìwé kọ́ èjìká bó ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì mú ọ̀nà pọ̀n. Wọ́n ti sáré kọjá ibi tí wọ́n ti ń wa iyanrìn kí wọ́n tó gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́yìn wọn, wọ́n sì bọ́ sínú koríko bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àwọn akóyanrìn.

Bọ́ọ̀sì ni. Ó dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ń pe orúkọ Kíákíá láti ojú fèrèsé. Dírẹ́bà ní kí ó gòkè wá. Ọmọ tí kì í rìn, tó jẹ́ pé eré ló ń sá, kò kúrò lójú kan. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wẹ̀yìn wo ọ̀nà tí wọ́n ti gbà wá, bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo dírẹ́bà.

"Bàbá dírẹ́bà, ṣé mo ti jìnnà tó báyìí?"

Dírẹ́bà yíjú sí ọ̀nà iwájú, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Bàbá ọmọ ló yọ àpò ìwé ní èjìká, tó gbé e sí inú bọ́ọ̀sì, tó wá gbé ọmọ náà lé àtẹ̀gùn rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí o ti jìnnà tó, ọmọ mi," ni ó wí. "Wọlé, jókòó."